Àwọn ọmọ ọdún kòrónà ti wọ JSS1, ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀wé kà. Kí la fẹ́ ṣe?

Tíṣà Ọjà'ba

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń ká mi lára, ẹ bá mi dá sí i.

Iléèwé ìjọba ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, lágbègbè Ọjà'ba. JSS1 ni wọ́n gbé fún mi lọ́dún ẹ̀kọ́ yìí, ọmọ 54 nínú kíláàsì kan. Bí a ṣe ti ìsinmi Kérésì dé, mo ní kí wọ́n máa dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ka ìpínrọ̀ kan nínú ìwé Pírámárì 3. Ẹni àkọ́kọ́ dìde, ó ń wojú mi. Mo rò pé ojú ló ń tì í. Ẹnì kejì dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí kò sí nínú ìwé rárá, àkọ́sórí ni. Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo wá ń pè wọ́n sẹ́yìn kíláàsì ní méjì-méjì, kí àwọn ẹgbẹ́ wọn má baà fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, 21 nínú wọn ni kò lè ka ìpínrọ̀ yẹn délẹ̀. Méje ò dá gbogbo ábídí mọ̀.

Mo lọ sílé, mo ṣírò. Ọmọ tó wà ní JSS1 báyìí, Pírámárì 1 ló wà ní Oṣù Kẹta 2020 tí wọ́n ti iléèwé pa. Ọdún tó yẹ kí wọ́n dì í lọ́wọ́ mú kọ ábídí gan-an ni kòrónà gbé lọ. Nígbà tó padà dé, wọ́n gbé e sí Pírámárì 2 bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ọdún yí po, wọ́n tún gbé e sókè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé e bọ̀ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi.

Sílábọ́ọ̀sì ní kí n kọ́ wọn bí a ṣe ń kọ lẹ́tà sí ọ̀gá iléèwé. Lẹ́tà wo?

Ìyá Ìbejì Apáta

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run á fún yín lókun. Ojú egbò mi lẹ fọwọ́ bà yẹn.

Iléèwé aládàáni làwọn ìbejì mi wà nígbà yẹn. Àwọn tíṣà wọn á ya fọ́tò ojú ìwé, wọ́n á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Fóònù kan ṣoṣo ló wà nílé wa, òun náà làwọn oníbàárà fi ń pè mí tí wọ́n bá fẹ́ ránṣọ. Bàbá wọn ń wa máíkírà, ọkọ̀ wà nílẹ̀, kò síbi tí owó ń gbà wọlé. Mo bá ra dátà tán, fọ́tò mẹ́rin á wọlé, mẹ́ta á ṣe bàìbàì. Ta ni yóò wá ṣàlàyé ẹyọ kan tó mọ́lẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́fà? Èmi tí mò ń rán ìbòmú ká tó rí gààrí mu? (Ẹ má rẹ́rìn-ín, ìbòmú yẹn ló bọ́ wa lọ́dún náà o.)

Ó di Oṣù Karùn-ún, iléèwé fi bíìlì sáà kẹta ránṣẹ́, kò dín kọ́bọ̀. Owó bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀! Bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn láti pálọ̀ dé yàrá, àbí èwo? Ìbàdàn, ibi olè gbé ń jàre olóhun. Nígbà tí wọ́n ṣí iléèwé padà, mo kó wọn lọ sí tìjọba. Táíwò ń kàwé. Kẹ́hìndé, àwòrán ló ń kà.

Kọ̀ǹpútà Bódìjà

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀yin ìyá wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. A ò múra sílẹ̀ ni. Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ní táblẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti kó ẹ̀kọ́ sínú ẹ̀, tí kò bèèrè íntánẹ́ẹ̀tì, kí àrùn wá lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ̀kọ́ ò ní dúró. Sólà kékeré ti tó láti fi gba iná sí i, ẹ má wo NEPA. Èmi ni mo ń tà á, èmi ni mo ń tún un ṣe, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Bàbá Akéde

Ọmọ mi, mo gbọ́ ẹ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ìtàn kan.

Mo wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n kó wọ iléèwé ní Oṣù Kìíní 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Ọmọ ya wọlé bí omi, tíṣà ò tó, yàrá ò tó. Ó di 31 Oṣù Kẹwàá 1959, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán hàn níbí yìí, nílùú Ìbàdàn, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n torí ẹ̀ dá a sílẹ̀ ni kí ẹ̀kọ́ lè dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí tíṣà wọn ò tó. Èrò náà dára. Ṣùgbọ́n ta ló ní tẹlifíṣọ̀n? Ojú fèrèsé ọ̀gbẹ́ni kan ní Òkè-Bọ́là lèmi ti kọ́kọ́ rí i, àwa ọmọ bíi mẹ́wàá la dúró síbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà wojú wa, ó pa fèrèsé dé.

Ohun tí Ìyá Ìbejì sọ yẹn, fèrèsé yẹn náà ni. Ẹ̀rọ tuntun bá dé, ilé tó lówó ló kọ́kọ́ ń wọ̀. Rédíò nìkan ni mo mọ̀ tó wọ ilé gbogbo èèyàn. Kódà nígbà kónílé-ó-gbélé, ẹ̀kọ́ wà lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Tíṣà náà mọ iṣẹ́ ẹ̀, ohùn ẹ̀ sì já gaara. Àmọ́ ọmọ-ọmọ mi tó jókòó tì mí ò lè sọ fún rédíò pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un sọ." Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti sùn.

Ọmọ Yemẹtù

Bàbá, ibi tí ẹ dé yẹn gan-an ni mo fẹ́ ká dúró sí. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹ mọ́ ẹ̀kọ́ ọmọdé, mo sì ti ka ohun táwọn ìlú tó fara jọ tiwa ṣe.

Nígbà tí wọ́n ti iléèwé pa ní Botswana ní 2020, àwọn olùwádìí kó ìdílé tó lé ní 4,500 jọ, wọ́n pín wọn sọ́nà mẹ́ta. Wọ́n ń fi ìṣirò kéékèèké ránṣẹ́ sí àwọn kan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ lásán. Àwọn kejì ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn náà, ṣùgbọ́n ẹnì kan tún ń pè wọ́n, nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Òbí á gbé fóònù sórí sípíkà, tíṣà á bá ọmọ ṣe ìṣirò. Àwọn kẹta ò gba nǹkan kan. Ẹ mọ ohun tí wọ́n rí? Àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ò fi bẹ́ẹ̀ ta pútú. Àwọn tí wọ́n pè ni ìmọ̀ wọn lọ sókè. Fóònù tọ́ọ̀ṣì tó ń bẹ lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n ti tún dán an wò ní Íńdíà, Kẹ́ńyà, Ùgáńdà, Nepal àti Philippines, ó sì ṣiṣẹ́.

Ẹ̀rọ kọ́ lọ̀rọ̀ wà. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni pé ẹnì kan pe orúkọ ọmọ, ó bi í léèrè, ó dúró gbọ́ ohun tó dáhùn.

Kì í ṣe àwa nìkan náà o. Ùgáńdà ti iléèwé pa fún bí ọdún méjì, Oṣù Kìíní 2022 ni gbogbo ọmọ tó padà. Kò sí ibòmíì láyé tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní 2022, Báńkì Àgbáyé àti àwọn àjọ kan ṣírò pé nínú ọmọ ọdún mẹ́wàá 100 láwọn orílẹ̀-èdè tí owó ò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, nǹkan bí 70 ni kò lè ka ọ̀rọ̀ kúkurú kó sì yé e. Ṣùgbọ́n ẹ fiyè sí i, kí kòrónà tó dé, wọ́n ti lé ní 50. Ilé ti ń jò tẹ́lẹ̀, òjò yẹn kàn wá fi hàn wá ni.

Ọmọ Mapó

Èmi tí mo wà ní SS3 lọ́dún yẹn ńkọ́? WAEC tó yẹ ká bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹrin, 17 Oṣù Kẹjọ 2020 la tó jókòó sí i. Mo ti gbàgbé gbogbo Kẹ́mísírì, àfi èyí tí wọ́n fi ń po sànítáísà. Mo wá wọ yunifásítì, ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ láti 14 Oṣù Kejì 2022 dé 14 Oṣù Kẹwàá. Ẹ jọ̀ọ́, èwo gan-an ni àjàkálẹ̀ àrùn nínú méjèèjì?

Bàbá Akéde

Ọmọ Mapó, o fẹ́ẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín.

Tíṣà Ọjà'ba, mo ní ìbéèrè kan. Nínú àwọn 21 yẹn, mélòó ló lè ka Yorùbá?

Tíṣà Ọjà'ba

Bàbá, n ó purọ́ tí mo bá ní mo mọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbà mí fún, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi dán wọn wò. N ó wò ó lọ́la.

Aláṣọ-òkè Òjé

Láti àná ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín. Mi ò fẹ́ dá sí i, torí ẹ̀sùn náà kàn mí.

Nígbà kónílé-ó-gbélé, àwọn òbí ń mú ọmọ wá bá mi kí wọ́n má baà máa rìn ká àdúgbò. Mo gba mẹ́rin. Wọ́n ń ká òwú, wọ́n ń jẹ́ iṣẹ́, mo ń fún wọn lówó oúnjẹ. Lóòótọ́, òde ìnáwó ti dáwọ́ dúró nígbà náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ṣí ìlú báyìí, gbogbo ìgbéyàwó tí wọ́n so rọ̀ ló já lu ara wọn. Iṣẹ́ bo wa mọ́lẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ní kí ọmọ padà síléèwé. Méjì lọ. Méjì dúró, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Mi ò lé wọn lọ, mi ò dá wọn dúró, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: wọ́n wúlò fún mi.

Obìnrin yẹn lóyún lọ́dún kejì, ọmọ ọdún 15. Ọkùnrin náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi, ó ti mọ iṣẹ́ dójú àmì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí iléèwé títí di òní, kò sí tíṣà kan tó wá bi mí pé, "Àwọn ọmọ wa dà?"

Ọmọ Yemẹtù

Mọ̀ńmì, ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kì í sábà sọ ọ́.

Sierra Leone ti jẹ irú ìyà yìí ṣáájú wa. Ebola ti iléèwé wọn pa ní 2014, ó tó bí oṣù mẹ́sàn-án. Nígbà tí wọ́n fẹ́ padà ní 2015, ìjọba wọn ní ọmọbìnrin tí oyún ẹ̀ ti hàn ò gbọ́dọ̀ jókòó ní kíláàsì pẹ̀lú àwọn yòókù. Ó di Oṣù Kẹta 2020 kí wọ́n tó fagi lé òfin yẹn. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí wọ́n kọ́ nínú Ebola: rédíò. Nígbà tí kòrónà dé, wọn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ohun tí wọn yóò ṣe, wọ́n kàn padà sórí rédíò ni.

Níbí, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ (UBE) ti 2004 ní ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ jẹ́ dandan fún gbogbo ọmọ. Ó dára. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí iléèwé padà, ta ló yẹ kó gbé rẹ́jístà àtijọ́, kó ka orúkọ, kó wo ẹni tí kò dáhùn? Àdúgbò Òjé ò tóbi. Ọ̀sán kan ti tó láti yí gbogbo ẹ̀ ká.

Tíṣà Ọjà'ba

Ẹ káàárọ̀. Mo ti wò ó.

Nínú àwọn 21, mẹ́fà ka Yorùbá. Kò dán mọ́nrán o, wọ́n ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kà á délẹ̀, wọ́n sì sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi. Àwọn ọmọ tí mo ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀ pé wọn ò mọ̀wé kà! Ọ̀kan tún bi mí pé, "Tíṣà, ṣé èyí náà ni ìwé kíkà?" Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Kọ̀ǹpútà Bódìjà

Mo gba ọ̀rọ̀ fóònù yẹn, mo ti gbé táblẹ́ẹ̀tì mi sílẹ̀ ná. Ṣùgbọ́n Yorùbá kọ́ ni wọ́n fi ń kọ WAEC, òun kọ́ ni wọ́n fi ń wáṣẹ́. Ọmọ tó ti kẹ́yìn, ẹ tún fẹ́ gba ọ̀nà tó jìn gbé e?

Bàbá Akéde

Ọ̀nà tó jìn kọ́. Láti 1970 dé 1978, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dán an wò. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara ẹ̀, tíṣà tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló ń kọ́ wọn. Wọ́n fi àwọn ẹgbẹ́ wọn wé wọn, àwọn tó ń bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àwọn tó fi Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ ò kẹ́yìn níbì kankan, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Modákẹ́kẹ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ẹ̀bá ọ̀dọ̀ wa níbí, kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù.

Abuja ò sì jẹ́ ká mọ ọ̀nà tí à ń gbà. Ní Oṣù Kọkànlá 2022 wọ́n kéde pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní pírámárì. Oṣù Kọkànlá 2025, wọ́n ní rárá, ẹ padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n Tíṣà ò nílò àṣẹ Abuja kó tó fi ìwé Yorùbá lé ọmọ lọ́wọ́.

Ọmọ Yemẹtù

Ẹgbẹ́ Pratham ní Íńdíà, ohun tí wọ́n ń ṣe ò le rárá. Wọ́n á gbé bébà kan fún ọmọ: lẹ́tà, ọ̀rọ̀, ìpínrọ̀, ìtàn kúkurú. Ibi tó bá dúró sí ni wọ́n ó kọ sílẹ̀. Fún wákàtí kan tàbí méjì lójúmọ́, wọn ò wo ọjọ́ orí, wọn ò wo kíláàsì. Gbogbo ẹni tó dúró síbì kan náà á jókòó pọ̀. Ìyókù ọjọ́, kí sílábọ́ọ̀sì máa bá tiẹ̀ lọ. Tíṣà, ẹ ti fi apá kìíní ṣe láì mọ̀.

Tíṣà Ọjà'ba

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rè é, mo ní kí n wá jábọ̀.

Èmi, tíṣà Yorùbá àti tíṣà ìṣirò la forí korí. A pín àwọn 54 sọ́nà mẹ́ta, bí wọ́n ṣe ń kàwé sí. Ọ̀gá wa ò kọ́kọ́ gbà. Ó ní, "Bí alábẹ̀wò bá wọlé, kí ni n ó fi hàn án? Níbo ni èyí wà nínú ìwé ìmúrasílẹ̀ yín?" Ẹ̀rù ló ń bà á, mi ò bá a wí. A bẹ̀ ẹ́ títí, ó fún wa ní pẹ́ríọ́ọ̀dù àkọ́kọ́, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀.

Àwọn méje tí kò mọ ábídí wà lọ́dọ̀ tíṣà Yorùbá. Mẹ́rin ti ń so ọ̀rọ̀ onísílébù méjì pọ̀ báyìí. Mẹ́ta ṣì wà níbi tí wọ́n wà. Mo fura pé ojú ọ̀kan nínú wọn ló ń dùn ún, ó ń súnmọ́ bọ́ọ̀dù jù. Òbí méjì ti wá bá wa jà. Ọ̀kan ní àwọn ò rán ọmọ àwọn wá síléèwé girama kó wá máa kọ́ a, b, d. Mo pe ọmọ náà jáde, mo fún un ní ìwé níwájú ìyá ẹ̀. Ìyá náà jókòó, kò sọ nǹkan kan mọ́.

Bàbá Akéde

Ọ̀rọ̀ alábẹ̀wò yẹn gún mi lọ́kàn. Ọdún 28 ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà, láti Ọ̀yọ́ dé Ìgbòho. Mo bá wọlé báyìí, ìwé ìmúrasílẹ̀ ni mo ń bèèrè, rẹ́jístà ni mo ń bèèrè, mo ń wò ó bóyá tíṣà fi yíǹkì pupa fàlà. Mi ò rántí ọjọ́ kan tí mo fi ìwé lé ọmọ lọ́wọ́ pé, "Kà á kí n gbọ́."

Ìyá Ìbejì Apáta

Èmi náà ò ṣe é títí mo fi ka ọ̀rọ̀ yín níbí. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo pe Kẹ́hìndé. Ó gbìyànjú ju bí mo ṣe rò lọ, Táíwò ló ń bá a pè é. Ní báyìí, tí mo bá ń ránṣọ, ó ń ka orúkọ àti ìwọ̀n tí mo kọ sára aṣọ oníbàárà fún mi. Ó ṣi ìwọ̀n ìbàdí ìyàwó pásítọ̀ kà lọ́jọ́ kan, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Aláṣọ-òkè Òjé

Tíṣà, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ bèèrè. Ọmọkùnrin tó wà lọ́dọ̀ mi yẹn, mo bi í lánàá bóyá ó ń kàwé. Ó ní kékeré ló mọ̀, òun ti gbàgbé. Ọmọ ọdún 18 ni báyìí. Ó ní ojú ń ti òun láti jókòó ti àwọn ọmọ JSS1. Ṣé ọ̀nà kan wà?

Tíṣà Ọjà'ba

Ọ̀nà wà, mà. Ẹ ní kó wá bá mi ní Sátidé, aago mẹ́wàá, iléèwé á dá nígbà yẹn. Kó má ra ìwé kankan. Kó kàn mú ìwé tí ẹ fi ń kọ iye òwú àti orúkọ àwọn tó jẹ yín lówó dání. Ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀.

Aláṣọ-òkè Òjé

Ha, ìwé gbèsè mi! Ó dáa. Á dé.